Àga Ẹ̀yìn Tó Wà ní Ogidi

Onitsha,
16 Oṣù Kẹta, 1975.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo mọ̀ pé nígbà tí lẹ́tà yìí bá dé Ìkìrun, ẹ ó kọ́kọ́ wá awò ojú yín káàkiri ilé, ẹ ó sì bá a lórí yín. Ara mi le. Iṣẹ́ náà ń lọ. Ìjọba àpapọ̀ ní kí iléeṣẹ́ wa tún àwọn títì tí ogun bàjẹ́ ṣe. Láti ọdún tó kọjá la ti ń wọn àwọn títì náà. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀ a ó mọ bí wọ́n ṣe gùn tó.

Owó Údojì tí ìjọba fún gbogbo òṣìṣẹ́ ti kan èmi náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ fi tiwọn ra alùpùpù, rédíò, àti ìyàwó kejì. Èmi ra ọkọ̀.

Ẹ jókòó, Màmá. Ọkọ̀ ni mo wí. Ọkọ̀ ìjàpá aláwọ̀ ewé. Ọwọ́ onílé mi, Mazi Obiefuna, ni mo ti rà á. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò kó mi sí wàhálà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, kò tí ì gbá ẹnikẹ́ni. Kò sí ọlọ́pàá kan tó dá mi dúró rí. Nínú ọ̀wọ́n epo tí a wà yìí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń sùn sí ilé epo, ọkọ̀ tèmi kì í mu epo rárá.

Fọ́tò wà nínú lẹ́tà yìí. Ayàwòrán náà fẹ́ ya táyà mọ́ ọn, mo ní kó má ṣe ìyọnu, ojú là ń wò nínú fọ́tò.

Mo ti búra fún ara mi pé n kò ní wọ lọ́rì wálé mọ́. Nígbà tí ẹ bá tún rí mi ní Ìkìrun, ọkọ̀ ara mi ni n ó gbé wọlé. Ẹ máa retí mi.

Ọmọ yín ọlọ́kọ̀,
Dáhùnsí.


Ìkìrun,
9 Oṣù Kẹrin, 1975.

Dáhùnsí, Àkànjí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Mo béèrè nítorí pé ọkọ̀ kì í ṣe oúnjẹ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo pariwo débi pé Bílíkísù, tó wá wọ búláúsì rẹ̀ wò, sá jáde láìní apá aṣọ kan. Kó tó di ọ̀sán, àdúgbò ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Dáhùnsí mọ́. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ̀ ọmọ mi kì í mu epo. Bàbá ìjọ ní kí n bá àwọn béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á, nítorí pé tiwọn ń mu epo bí ẹni tí gbèsè lé wá sílé ẹmu.

Fọ́tò rẹ ti yípo ilé gbogbo. Àyúbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń wa lọ́rì, wò ó títí. Ó ní apá ọ̀tún lo jókòó sí, ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi awakọ̀, ó ní àbí èrò ni ọ́ nínú ọkọ̀ ara rẹ ni. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ ohun tí n ó fi fún un lésì tó bá tún dé.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rán ọ. Mo ti ra àrán pupa, ojúlówó. Èmi fúnra mi ni n ó rán ìbòrí àga ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni n ó máa jókòó sí. Ìyá ọlọ́kọ̀ kì í jókòó níwájú bíi olùkọ́ṣẹ́. Wọn àga náà fún mi: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, àti gíga ibi tí à ń fẹ̀yìn tì. Fi téèpù wọ̀n ọ́n o, má wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń wọn títì.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọkọ̀ gbé ọ re.

Èmi ni,
Ìyá Ọlọ́kọ̀.


Onitsha,
25 Oṣù Karùn-ún, 1975.

Màmá mi,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìpolongo náà.

Ọ̀rọ̀ Àyúbà kò le. Ọkọ̀ mi ti wà láyé kí ìjọba tó ní ká kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Títì ló yí padà, ọkọ̀ kò yí. Ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ tó ní ìwà kì í bá ìjọba sáré kiri.

Ní ti ìwọ̀n àga ẹ̀yìn, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ fún mi. Mi ò lè wọ̀n ọ́n báyìí. Ẹnì kan jókòó lé e. Àgbàlagbà obìnrin ni, mi ò sì lè ní kó dìde. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi obì ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ń gba ara mi, oorun sì ń kùn mí.

Ẹ kí Bílíkísù. Mo lérò pé wọ́n ti fi apá kejì sí búláúsì náà.

Ọmọ yín,
Dáhùnsí.


Ìkìrun,
29 Oṣù Kẹfà, 1975.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsí Akínbíyìí, Ọlọ́kọ̀ Onitsha,

Mo kí yín o, sà.

Àyúbà tó kó pákó wá sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ilé kọ́ lọ́hùn-ún, tó sì gbé obì wá fún yín, ti padà délé. Ó ní ẹ kò sí nílé nígbà tí òun dé, ni òun bá gbé obì fún onílé yín. Ó ní òun wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ kí ọkọ̀.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kọ, sà. Ọkọ̀ yín kò lè gbá ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹni náà bá sáré láti ọ̀nà jíjìn wá kọlù ú. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló wà. Àyúbà ní adìyẹ kan ló jókòó síbi awakọ̀, ó ń sàba. Ó kí i, kò dá a lóhùn. Ìyẹn tilẹ̀ jókòó sápá ọ̀tún, a ti mọ ìdí rẹ̀. Ó wá wo ẹ̀yìn, kò rí àga, ihò ló rí. Dáhùnsí, àgbàlagbà obìnrin wo ló jókòó lé ihò?

Mo lọ sọ fún Bàbá ìjọ pé kì í mu epo! Nínú ilé Ọlọ́run!

Àyúbà ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mojí ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìwọ náà mọ Mojí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó pè é tán.

Wàyí o, jókòó kó o kọ òtítọ́ sí mi. Kì í ṣe irú òtítọ́ tí o ti ń kọ bọ̀ o. Irú èyí tí àwa yòókù máa ń sọ.

Jùmọ̀kẹ́ Akínbíyìí,
Ìyá ẹnì kan.


Onitsha,
20 Oṣù Keje, 1975.

Màmá mi, aya Akínbíyìí,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tí ì dìde. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìdí nìyí tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi fi wọ́.

Kí ogun tó dé, Mazi Obiefuna ló ń fi ọkọ̀ náà ná ọjà. Nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ tó bá ti lè rìn, sójà á gbà á. Sójà apá ìhín àti sójà apá ọ̀hún, kò sí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí àfi ìyẹn. Mazi wá ronú. Ó rí i pé sójà lè gba ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí sójà tí yóò gba ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ló bá tú ọkọ̀ náà palẹ̀, ó pín in fún àwọn àna rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó bá wà lójú kan, ti ogun ni. Èyí tó bá wà lójú mẹ́jọ, ti ẹbí ni.

Ogun parí, kò sí okun tí yóò fi kó o jọ mọ́. Èmi ni mo dé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí Pólì lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo ní kí ló le níbẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mo rà lọ́wọ́ Mazi, Màmá. Àwọn àna rẹ̀ ni mo rà.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń kiri. Ẹ́ńjìnnì wà ní Oba, nínú kòtò lábẹ́ ibi tí wọ́n ń to iṣu sí. Ilẹ̀kùn kan wà ní Nkpor, ewúrẹ́ ló ń lò ó. Mo ní láti kan ilẹ̀kùn mìíràn fún ewúrẹ́ náà kí wọ́n tó yọ̀ǹda. Ní Nnewi, obìnrin kan ń fi àwo iná iwájú wọn gàrí tà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ nà mí, wọ́n ní òṣùwọ̀n tó dáa jù lọ́jà ni mo fẹ́ gbé lọ. Níbi gbogbo tí mo bá dé, wọ́n á gbé obì wá, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á bọ́ mi yó, wọ́n á wá sọ bí àwọn ṣe tọ́jú nǹkan náà nígbà tí ìbọn ń dún. Èèyàn kì í sì í dìde kí ìtàn tó tán.

Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ báyìí, ó ku kí n tò wọ́n pọ̀, àfi àga ẹ̀yìn. Ó wà ní Ogidi, lọ́wọ́ ìyá tó bí Mazi. Mama Nnukwu ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ìyẹn ìyá àgbà. Ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Ogidi, wọ́n gbé àga náà sá lọ. Nígbà tí ogun tán, wọ́n gbé e padà. Ẹ ò rí i pé mi ò purọ́: àgbàlagbà obìnrin jókòó lé e lóòótọ́.

Obì tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo gbé lọ bẹ̀ wọ́n. Gbànja pupa, ó tóbi, ó ń dán. Àwọn àgbà ilé wò ó, wọ́n wo ara wọn. Mazi rọra sọ sí mi létí pé èyí kì í ṣe obì lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní èyí lohun tí awakọ̀ ń jẹ kó má baà sùn lọ. Olójú méjì kò ṣeé gbé síwájú àgbà. Mama Nnukwu ní kí n gbé e padà, kí n máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Mo jẹ ẹ́ lọ́nà.

Ẹ forí jì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò tí ì pé. Mo rò pé yóò ti pé kí ẹ tó mọ̀.

Ọmọ yín tó wà nílẹ̀,
Dáhùnsí.


Ìkìrun,
17 Oṣù Kẹjọ, 1975.

Dáhùnsí,

Dìde. Ilẹ̀ tutù.

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà fi pa mí lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. O ní oorun ń kùn ọ́, mo fún ọ ní obì olóorun. Ká ní o sọ pé àgbà lo fẹ́ fi bẹ̀, ṣé èmi ni n ó gbé gbànja lé ọ lọ́wọ́? Àbàtà ni ǹ bá mú, olójú mẹ́rin, olójú márùn-ún. Ta ni ò mọ̀ pé gbànja kì í ṣe obì ẹ̀bẹ̀? O fi irọ́ gba obì, obì náà sì purọ́ fún ọ.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ta ọkọ̀ náà.

Kérésì tó kọjá, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó o wá. Ọdún Àjíǹde, o ò wá. O ní o ti búra pé o ò ní wọ lọ́rì. Ta ló ní kó o búra? Mo bí ọmọ kan, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Onitsha. Onitsha kò jìnnà. Àyúbà ń lọ, ó ń bọ̀, bíi ẹni tó lọ pọnmi. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ ń dúró de àga, àga ń dúró de kí ìyá oníyàá dìde. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ọ wá ló dì ọ́ mú.

Tà á, kó o wọ lọ́rì wálé ní Kérésì. Bí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í gún ni bí abẹ́rẹ́. Mo ti ká àrán náà sínú àpótí.

Ìyá rẹ.


Onitsha,
12 Oṣù Kẹwàá, 1975.

Màmá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo ń gbìyànjú láti ṣe bí ẹ ti wí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìyẹn kò mọ́ mi lára.

Mo ti rí ẹni tí yóò rà á. Ọkùnrin kan ni ní Iweka Road, ó fẹ́ fi ṣe takisí. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó kan ilẹ̀kùn, ó kí adìyẹ, inú rẹ̀ dùn sí gbogbo rẹ̀. Ó wá wo ẹ̀yìn. Ó ní, “Oga engineer, taxi wey no get back seat, na wheelbarrow be dat.” Ó ní ìgbà tí àga bá dé ni kí n wá bá òun.

Mo tún wọ Ogidi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo Ìgbò tí mo gbọ́, mo sọ díẹ̀ tí mi ò gbọ́. Mo ní, “Mama, mo fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni, kí n lè lọ rí ìyá mi.”

Wọ́n ní, “Nwa m, ọmọ mi, kí ló dé tí o ò lọ rí ìyá rẹ láìta nǹkan kan?”

Mo ní ọ̀rọ̀ náà gùn. Wọ́n ní tàwọn kò gùn. Wọ́n ní: “Ọmọ mi méjì ló jáde nínú ilé yìí nígbà ogun. Obiefuna gbé àga yìí fún mi, ó ní, ‘Mama, bá mi tọ́jú rẹ̀, mo ń bọ̀.’ Ó padà wá. Àbúrò rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé o rí i níbí?”

Màmá, mo tún dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n wá ní àwọn kò kọ̀ kí n parí ọkọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni kó wá bá àga ní Ogidi, kì í ṣe kí àga lọ bá ọkọ̀. Tó bá dé, àwọn yóò wọlé sínú rẹ̀ tàwọn tàga, a ó sì gbé àwọn lọ wo odò ní Onitsha. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù.

Mazi ní òun ò lè bá ìyá òun sọ ọ́. Ó ní òun ti rò ó pé kí a gbé àga náà nígbà tí wọ́n bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ wọ́n máa ń ní kí wọ́n gbé e tẹ̀ lé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí mo bá fẹ́ tà á, àga. Bí mo bá fẹ́ kí ẹ jókòó nínú rẹ̀, àga. Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi.

Dáhùnsí.


Ìkìrun,
2 Oṣù Kọkànlá, 1975.

Dáhùnsí,

Mo ń bọ̀.

Àyúbà ní pákó tí yóò kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iwájú ni n ó jókòó. Mo ti ra àbàtà. Mo ń gbé àrán bọ̀ àti téèpù. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún obìnrin pé kó dìde kó yípo kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí èyí tó kọ̀ rí. N ó gba àga náà, n ó ta ọkọ̀ náà, n ó sì mú ọ lọ́wọ́ wálé.

Lé adìyẹ yẹn kúrò kí n tó dé.

Ìyá rẹ.


Onitsha,
23 Oṣù Kọkànlá, 1975.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu títì. Mo gbọ́ pé ẹ délé láyọ̀.

Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé ẹ ò jẹ́ kí n béèrè rẹ̀ níbí. Mo fi yín sílẹ̀ ní Ogidi láàárọ̀ pé kí ẹ gba àga, kí èmi lọ mú oníbàárà wá láti Iweka Road. Ẹ lé mi jáde, ẹ ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Nígbà tí mo mú ọkùnrin náà dé, mo bá ẹ̀yin àti Mama Nnukwu lórí àga kan náà, ẹ ń jẹ ẹ̀pà. Ọkùnrin náà ní, “Good afternoon, Mama. Which one be the seller?” Ẹ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ ní, “Seller no dey.” Mi ò mọ̀ pé ẹ gbọ́ Pidgin.

Ọkùnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mazi ń rẹ́rìn-ín kiri ilé, kò sọ ìdí rẹ̀. Àdúrà tí ẹ gbà sórí obì nìkan ló tẹnu mọ́. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, obìnrin kì í pa obì, ó sì ní obì kì í gbọ́ èdè àjèjì. Ó ní ẹ ti gbàdúrà tán ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó lè là yín lóye.

Ẹ tún lọ sílé láìgba àga, láìta ọkọ̀, láìmú mi lọ́wọ́. Màmá, kí ni ẹ wá ṣe?

Dáhùnsí.


Ìkìrun,
7 Oṣù Kejìlá, 1975.

Àkànjí ọmọ mi,

Ṣé o ń jẹun? Mo rí ìkòkò rẹ. Má dáhùn.

Wọ́n sọ fún mi pé obìnrin kì í pa obì lọ́hùn-ún. Mo béèrè ẹni tó rà á. Nígbà tí mo gbàdúrà, Mama Nnukwu ń dáhùn pé “Ise! Ise!”, ìyẹn àmín tiwọn, sí gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ wa máa padà wá bá wa, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò ògbufọ̀.

O ní kí ni mo wá ṣe. Àga ni mo wá gbà. Bí o ti jáde tán, mo yọ téèpù. Mo ní n ó kọ́kọ́ wọn àga náà, kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ gidi ni mo bá wá. Mo na téèpù sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n gbé apá sókè. Mo nà án sí ẹ̀yìn, wọ́n na ẹ̀yìn wọn gbọọrọ. Wọ́n rò pé aṣọ ni mo fẹ́ rán fún àwọn! Mo ní, “Rárá o, Mama, àga ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n tún gbé apá kejì. Kí ni kí n ṣe? Ìwọ̀n àga ni mo fẹ́ mú, ìwọ̀n èjìká ni wọ́n fún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sì wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn wọn, mo bi ara mi pé kí ló dé tí àga yóò fi wọ àrán, tí ẹni tó jókòó lé e yóò wọ àkísà. Mo ti fi àrán pupa náà rán búláúsì fún wọn, ó wà lọ́wọ́ Àyúbà. Gbé e lọ fún wọn. Apá méjèèjì rẹ̀ pé.

Nígbà tí mo wọ̀n wọ́n tán, wọ́n sún, wọ́n fọwọ́ lu àyè ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo jókòó. Àga náà dára o, Dáhùnsí. Wọ́n ń sọ Ìgbò, mo ń sọ Yorùbá, àwa méjèèjì sì ń wo títì. Ìgbà tí a ti ń wò ó fún ìgbà díẹ̀ ni mo mọ ohun tí à ń wò. Mo mọ ìjókòó yẹn. Bí mo ṣe ń jókòó nídìí ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà mi nìyẹn, tí lọ́rì bá ti dún, n ó gbójú sókè. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ní ohun tí ọmọ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Èmi, kò sẹ́ni tó ní kí n bá òun tọ́jú nǹkan kan.

Mi ò lè wá ní kí wọ́n dìde.

Nítorí náà, má tà á. Parí rẹ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Ogidi ni kó o kọ́kọ́ gbé e lọ, kó o gbé wọn lọ wo odò, kí n tó gbọ́ pé o gbé e wá síbí. Èmi ti jókòó nínú ọkọ̀ ọmọ mi ná. Kò rìn, ṣùgbọ́n mo rí ẹni bá mi jókòó níbẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Mojí, kó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n ìwọ, mi ò bẹ ọ́ ní ọkọ̀. Tú ìbúra yẹn palẹ̀ bí Mazi ṣe tú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ lọ́rì.

Ìyá rẹ,
Ìyá Ọlọ́kọ̀. (Mo ti gba orúkọ mi padà.)


Onitsha,
18 Oṣù Kejìlá, 1975.

Màmá mi,

Òṣìṣẹ́ wa kan tó ń bọ̀ ní Òṣogbo ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, kó lè ṣáájú mi dé.

Mo gbé búláúsì lọ sí Ogidi. Mama Nnukwu wọ̀ ọ́ lé ẹ̀wù tó wà lọ́rùn wọn, wọn ò dúró bọ́ ìyẹn. Wọ́n jókòó padà sórí àga, wọ́n ní kí n sọ fún “nwunye Yoruba”, ìyẹn ìyàwó Yorùbá, pé apá rẹ̀ bá àwọn mu, àti pé àyè yín ṣì wà lápá òsì, àwọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Mazi ti gbìyànjú. Wọ́n lé e.

Èmi àti Mazi sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. A ó parí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Nígbà tí ó bá ṣe tán, Ogidi ló kọ́kọ́ ń lọ, bí ẹ ti pa á láṣẹ. Adìyẹ ti pamọ, a ti ṣí i nípò padà.

Àyúbà ń kó iṣu bọ̀ nílé ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní iwájú ti kún, àfi orí iṣu. Mo ní orí iṣu dára. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìró lọ́rì, ẹ gbójú sókè bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹni tí ẹ bá rí lórí iṣu tó di sitiárín mú, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá ìjọ wò mí pẹ́.

Mo tú sitiárín náà kúrò láàárọ̀ yìí, mo fi aṣọ nù ún. Mazi wò mí títí tí mo fi tú u tán. Ó kàn ní, “Ojú mẹ́sàn-án ló dà báyìí,” ó sì lọ mú okùn wá fún mi tí n ó fi dì í.

Tí wọ́n bá béèrè èyí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ ní díẹ̀díẹ̀ ló ń dé. Ẹ gbé e kọ́ sí ara ògiri níbi tí ẹ ti lè máa rí i láti ìdí ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ò lè kúrò lójú kan láìsí i, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà.

Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, Màmá. Mo ń bọ̀.

Dáhùnsí.